Ẹlẹ́rìí lásán ni jíìnì mi

Gbólóhùn kan wà tí mo ti kà títí ó fi sú mi. Ìparí àkọsílẹ̀ ìwádìí ló máa ń wà, níbi tó ti rẹ ẹni tó kọ ọ́, tó sì ti rẹ ẹni tó ń kà á. Wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ jíìnì kan, lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí nọ́ńbà kan tẹ̀ lé, wọ́n á wá ní: jíìnì yìí lè di àmì tí a ó fi máa dá àìsàn báyìí mọ̀, ó sì tún lè di ibi tí oògùn tuntun yóò dojú kọ. Àmì àti àfojúsùn, nínú èémí kan ṣoṣo, bí ìbejì.

Èmi náà ti kọ ọ́ rí.

Ìwádìí oyè kejì ni mò ń ṣe nígbà náà. Iṣẹ́ mi kò gba pé kí n fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Dátà tí mo ń lò wá láti inú The Cancer Genome Atlas, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006. Wọ́n gba kókó jẹjẹrẹ lára àwọn aláìsàn tó ju 11,000 lọ, oríṣi jẹjẹrẹ 33, wọ́n ka ohun tó wà nínú wọn, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó. Iṣẹ́ rere gidi ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn púpọ̀ láti fi tan ara ẹni jẹ. Jíìnì tó ń ṣe purotéènì lára ọmọ ènìyàn tó nǹkan bí 20,000. Tí ẹ bá pe gbogbo wọn jọ, tí ẹ bi wọ́n pé ta ló pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ ju inú ẹran ara tí kò ní àìsàn lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò nawọ́ sókè.

Lóru ọjọ́ kan, ọ̀kan nawọ́ sí mi.

Mo ṣì rántí bí àwòrán náà ṣe rí. Ìlà méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn ilé. Àwọn aláìsàn tí jíìnì náà pọ̀ nínú kókó wọn ló wà lórí ìlà pupa, àwọn tó kéré nínú tiwọn wà lórí búlúù. Gbogbo ìgbà tí ìlà bá sọ̀ kalẹ̀ níṣìísẹ̀ kan, ẹnìkan ló kú. (A máa ń tètè gbàgbé ìyẹn, torí àwòrán náà máa ń wuni.) Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, pupa ti jìn sísàlẹ̀, búlúù ṣì wà lókè. Nọ́ńbà tó wà ní igun àwòrán náà, èyí tí wọ́n fi ń wọn bóyá èèṣì lásán lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, kéré sí 0.05. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ ohun tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ẹni tí kò tíì fojú ba oorun. Mo dìde, mo rìn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì, mo padà jókòó, mo kọ gbólóhùn náà.

Ọ̀gá mi obìnrin kò bá mi jà. Ó fi bírò pupa yí gbólóhùn náà ká, ó sì kọ ìbéèrè méjì sí etí ìwé: "Inú sẹ́ẹ̀lì wo ló wà? Tí a bá mú un kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni, mà."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní dátà ló sọ ọ́.

"Dátà sọ pé ó wà nínú kókó. Ṣé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan ló ń gbé inú kókó ni? Lọ wò ó dáadáa."

Mo lọ wò ó. Kókó jẹjẹrẹ kì í dá gbé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, okùn tó so ẹran ara pọ̀ wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun lóríṣiríṣi náà sì ti wọ ibẹ̀ wá jà. Tí wọ́n bá lọ gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n tó kà wọ́n, bó ṣe rí nínú dátà tí mo lò, ohùn gbogbo wọn á dà pọ̀ di ẹyọ kan. Mo wá wá dátà mìíràn, irú èyí tí wọ́n ti ka sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jíìnì mi kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rárá. Inú makirofééjì ló wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbé kòkòrò àti ìdọ̀tí mì káàkiri ara. Níbi tí jíìnì náà bá ti pọ̀, makirofééjì ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí lóru ọjọ́ yẹn, tí mo tìtorí ẹ̀ rìn yí tábìlì ká, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo egbò tí eṣinṣin bò. Ẹni tó bá rí eṣinṣin náà láti òkèèrè, tó ní egbò wà níbẹ̀, kò parọ́. Àmọ́ tó bá fi odindi ọjọ́ pa eṣinṣin, egbò kò ní tìtorí ìyẹn jinná. (Ẹnìkan á ní eṣinṣin a máa ba egbò jẹ́ sí i. Òótọ́ ni, makirofééjì náà a sì máa ṣe jẹjẹrẹ lóore nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dán an wò. Èmi ò dán nǹkan kan wò.)

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì sínú gbólóhùn yẹn, àti pé iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yàtọ̀ sí ti ẹni tó dáràn. Ohun tí à ń fẹ́ lára ẹlẹ́rìí ni pé kí ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, kí ó má sì sí níbẹ̀ nígbà tí kò ṣẹlẹ̀. Kò kàn wá bóyá ó lọ́wọ́ sí i tàbí kò lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó dáràn ńkọ́? Òun ni ẹni tó jẹ́ pé tí a bá dì í lọ́wọ́ mú, ọ̀ràn náà dópin. Ọ̀pọ̀ owó, ọ̀pọ̀ ọdún, àti ẹ̀mí àwọn kan pàápàá ti ṣòfò nítorí pé wọ́n mú ẹlẹ́rìí sẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú CRP. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe purotéènì yìí, orí kúrómósómù kìíní ni jíìnì rẹ̀ wà. Tillett àti Francis ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe. Níbikíbi tí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀ lára, CRP á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Ó sì tún hàn pé àwọn tí CRP wọn máa ń ga ni àrùn ọkàn sábà máa ń mú. Ṣé òun ló wá ń fa àrùn ọkàn? Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ láìfún ẹnikẹ́ni ní oògùn kankan. A bí àwọn kan pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré nínú jíìnì náà, tó ń mú kí CRP wọn ga díẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó yẹ kí àrùn ọkàn pọ̀ láàárín wọn. Àwọn ìwádìí ńlá tó jáde lọ́dún 2009 àti 2011 wò ó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni CRP. Ẹlẹ́rìí tó dáa ni, àwọn dókítà ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ti HDL ló dun àwọn ènìyàn jù. "Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere" ni wọ́n ń pè é, torí pé àwọn tó ní in púpọ̀ kì í sábà ní àrùn ọkàn. Wọ́n wá ṣe oògùn kan, torcetrapib, tó ń dí purotéènì CETP lọ́wọ́. HDL fò sókè ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn bí 15,000 ló kópa nínú àyẹ̀wò náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n dá a dúró, torí pé àwọn tó ń kú nínú àwọn tó ń lo oògùn náà ju àwọn tí kò lò ó lọ. Oògùn yẹn ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Àmọ́ méjì nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, tí kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, dalcetrapib àti evacetrapib, gbé HDL sókè bákan náà, kò sì yí ohunkóhun padà fún ọkàn. Wọ́n dá ìkíní dúró lọ́dún 2012, ìkejì lọ́dún 2015.

Wàyí o, jíìnì tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. PCSK9.

Orúkọ rẹ̀ kò dùn ún pè, mo mọ̀. NARC-1 ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí Nabil Seidah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montréal ṣàwárí rẹ̀. Lọ́dún 2003 kan náà, ní Faransé, Catherine Boileau, Marianne Abifadel àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wo àwọn ìdílé kan tí LDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, ga lára wọn láti ìran dé ìran. Jíìnì méjì tí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń fa irú rẹ̀ kò ní àléébù kankan nínú àwọn ìdílé yìí. PCSK9 ni wọ́n bá tó ní àléébù, òun náà sì wà lórí kúrómósómù kìíní, kúrómósómù kan náà pẹ̀lú CRP.

Kí ni PCSK9 ń ṣe? Ẹ fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ kéékèèké yọ síta lára rẹ̀. Tí LDL bá ń kọjá lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ kan á gbá a mú, á fà á wọlé, á jù ú sílẹ̀ nínú ilé, á sì tún padà síta lọ mú òmíràn. Ọwọ́ kan ṣoṣo lè lọ lè bọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó. (Michael Brown àti Joseph Goldstein ló ṣàwárí ọwọ́ yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 1985.) PCSK9 ni ẹni tó máa ń wá rọ̀ mọ́ ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó bá ti rọ̀ mọ́ kì í padà síta mọ́. Inú àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń jẹ ohun tó ti gbó ni wọ́n á gbé òun àti LDL lọ, ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Tí PCSK9 bá ń ṣiṣẹ́ láṣejù, ọwọ́ á dín kù lójú sẹ́ẹ̀lì, LDL á wá máa rìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó máa mú un. Ohun tó ń ṣe àwọn ìdílé ilẹ̀ Faransé nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn nìyí. Ní Dallas, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen yí ìbéèrè náà sódì. Tí PCSK9 tó ń ṣiṣẹ́ jù bá ń fa àìsàn, àwọn tí tiwọn ti bàjẹ́ ńkọ́? Wọ́n wá wọn rí, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀dà jíìnì náà tí kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé àbájáde jáde lórí àwọn aláwọ̀ dúdú 3,363 tí wọ́n ti ń tọ́pa ìlera wọn fún ọdún 15. LDL àwọn tí ẹ̀dà kan ti bàjẹ́ lára wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Ewu àrùn ọkàn wọn? Ó fi ìdá 88 kéré.

Mo máa ń padà sí nọ́ńbà méjì yìí. Ìdá 28, ìdá 88. Báwo ni ohun tó dín kù díẹ̀ ṣe gba ọkàn là tó báyẹn? Ọjọ́ pípẹ́ ni. Láti inú oyún ni LDL wọn ti wà nílẹ̀, kò sí ọdún kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba ìsinmi. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ń gbìyànjú láti pa iná tó ti ń jó láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́.

Obìnrin kan tún wà, ẹni ọdún 32, tí ẹ̀dà méjèèjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. PCSK9 kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá. LDL rẹ̀ jẹ́ 14 mg/dL, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ju 100 lọ. Ara rẹ̀ le, ó ti bímọ, ó sì ti jáde ní yunifásítì. Ẹ rò ó wò ná: kò sí ìgbìmọ̀ kankan láyé tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ jíìnì kan kúrò lára ọmọ tuntun, kí wọ́n wá dúró fún ọdún 32 kí wọ́n lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò náà ti ṣe ara rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ọ̀gá mi, "tí a bá mú un kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?", jókòó níwájú wọn, ó ń mí.

Oògùn tètè tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń ka ọdún nínú iṣẹ́ oògùn. Lọ́dún 2015, abẹ́rẹ́ antibọ́dì méjì, alirocumab àti evolocumab, gba ìwé àṣẹ. Wọ́n á gbá PCSK9 mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ibi tí ọwọ́ wà, LDL á sì fi nǹkan bí ìdá 60 wálẹ̀. Lọ́dún 2017, àyẹ̀wò tí wọ́n fi evolocumab ṣe fún àwọn ènìyàn 27,564 fi hàn pé ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi ìdá 15 dín kù láàárín ọdún méjì lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inclisiran dé, tó ń dá iṣẹ́ dúró láti inú ẹ̀dọ̀ kí PCSK9 tó di purotéènì rárá. Lẹ́yìn àwọn abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbà á. Lọ́dún 2022, ní New Zealand, wọ́n fún ẹnìkan ní oògùn tó ń yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú jíìnì náà fúnra rẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè. Èyí bà mí lẹ́rù díẹ̀, mi ò ní fi bò. Abẹ́rẹ́ tí kò bá bá ènìyàn lára mu, a lè má gbà á mọ́. Lẹ́tà tí wọ́n ti yí kò ní ọ̀nà àbọ̀ tó rọrùn.

Ó wá yẹ kí jíìnì tó dára tó báyìí jẹ́ àmì rere pẹ̀lú, àbí? Kí a máa wọn PCSK9 nínú ẹ̀jẹ̀, kí a sì mọ ẹni tó wà nínú ewu.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Státìnì, oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láti fi mú LDL wálẹ̀, a máa mú PCSK9 lọ sókè, torí bọ́tìnì kan náà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó ṣe ọwọ́ púpọ̀ sí i ló tún ń sọ fún un pé kó ṣe PCSK9. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú, tí ara rẹ̀ ń yá, ni tirẹ̀ á ga jù. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé, tí ẹnìkan bá gba abẹ́rẹ́ antibọ́dì, PCSK9 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ á pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po, torí pé èyí tí wọ́n ti dì lọ́wọ́ kì í tètè kúrò lójú agbo. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á ní oògùn ti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí èmi fúnra mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó kọjá, LDL wà lórí ìwé èsì, HDL wà níbẹ̀, CRP pàápàá wà níbẹ̀. PCSK9 kò sí. Jíìnì tó dáràn kò sí lórí ìwé; yàtọ̀ sí LDL, àwọn ẹlẹ́rìí ló wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà o, tó ń ṣe méjèèjì. HER2 ni mo máa ń dárúkọ. Nínú nǹkan bí ìdá 15 sí 20 jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀dà jíìnì yìí ti pọ̀ kọjá ààlà. Dennis Slamon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1987, nínú kókó 189, pé àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ lára ni àìsàn náà tètè ń padà sí, tí wọ́n sì tètè ń kú. Inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gan-an ló wà, òun ló ń ti sẹ́ẹ̀lì náà kó máa pín, orí rẹ̀ sì yọ síta níbi tí aró àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Trastuzumab, abẹ́rẹ́ tó ń dojú kọ HER2, gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1998, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó gbà á sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ìbejì tòótọ́ nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín àkọsílẹ̀ 1987 náà àti ìwé àṣẹ yẹn. Nínú gbólóhùn tiwa, ọ̀rọ̀ "ó sì tún" ló dúró fún gbogbo rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá jíìnì mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2024 ṣírò pé oògùn tí ẹ̀rí láti inú jíìnì ènìyàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àǹfààní láti yege ní ìlọ́po 2.6 ju èyí tí kò ní lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni irú ti Dallas yẹn, ẹ̀rí àwọn tí a bí pẹ̀lú rẹ̀. Ìlà pupa àti búlúù kò sí nínú rẹ̀.

Mo padà sórí ìwé mi. Mo tún ìṣirò náà ṣe, mo fi iye makirofééjì tó wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan sí i, ìlà méjèèjì sún mọ́ra débi pé ẹnìkan kò lè yà wọ́n mọ́. Mo pa gbólóhùn ìjọ́sí rẹ́. Ohun tí mo kọ sí ipò rẹ̀ ni: "Jíìnì yìí ń fi iye makirofééjì tó wà nínú kókó náà hàn." Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lálẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èsì dé, ìlà kan péré: "Ó dáa. Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?"